Àwọn Àlàfo Oko Kẹtàlélógún

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá

Bàbá mi,

Orí àga ni mo ti ń kí yín, torí yàrá tí mò ń gbé kò gba kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó tún na ẹsẹ̀. Ẹ kú ìkórè. Ẹ kú ẹ̀yìn ríro. Ẹ bá mi kí ìyá mi, kí ẹ sọ fún wọn pé mò ń jẹun, mò ń sùn, kò sì sí ọkùnrin kankan tí mò ń fi pamọ́ fún wọn.

Ẹ ní kí n má pè yín lórí fóònù mọ́, pé etí yín ò gbé e. Lóòótọ́ ni. Nígbà tí mo pè kẹ́yìn, mo ní inú ń run mí, ẹ ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó dáa, mo ti padà sórí bébà.

Iṣẹ́ ni mò ń bá yí. Èsì oko ogójì ló wà lórí tábìlì mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó gba ọkà bàbà tuntun wa sóko. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni, kí a má baà ṣe ojúsàájú. Mo mọ̀ pé ẹ wà lára wọn. Ẹ má sọ nọ́ńbà yín fún mi. Oko kọ̀ọ̀kan ní apá méjì: ọkà tuntun ní apá kan, ọkà tí àgbẹ̀ ti ń gbìn tẹ́lẹ̀ ní apá kejì, irinwó ihò ní apá kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, òṣìṣẹ́ wa á ka iye ihò tó hù. Nígbà ìkórè, àwọn mìíràn á wá tún un kà, wọ́n á sì wọn ọkà. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ọkà tuntun yìí lè hù lẹ́yìn òjò kan péré, nínú ilẹ̀ tí omi rẹ̀ kò tó?

Ó hù, Bàbá. Ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n ní oko mọ́kànlá, ìṣirò kò bára mu. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, bí igba ihò ló hù. Nígbà ìkórè, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé irinwó. Ọkà kì í bímọ sínú ihò ẹlòmíràn. Mo bi ọ̀gá mi. Wọ́n ní ẹni tó kọ́kọ́ kà á ló ṣìṣe, kí n fi iye ti ìkórè rọ́pò rẹ̀. Mo fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn oko náà, kẹtàlélógún, ló wá dára jù nínú gbogbo ogójì. Ẹ bá mi sọ fún òṣìṣẹ́ wa tó ń wá sọ́dọ̀ yín, ẹni tí ẹ sọ ní Onítéèpù, pé kó máa jẹun kó tó lọ ka nǹkan.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ka oko tí mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀, nínú ilé tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Mo máa ń bi ara mi pé, kí ni mo mọ̀ gan-an nípa ohun tí mò ń kà?

Àbíkẹ́yìn yín.

~

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní

Àbíkẹ́yìn,

Ìwé rẹ bá wa láyọ̀, àfi orúnkún ìyá rẹ nìkan ni kò láyọ̀. Ó ní bí o kò bá fi ọkùnrin kankan pamọ́, kí ló dé tí o fi ń gbé yàrá tí kò gba ju ẹnì kan lọ? Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Ọmọ ní òun fẹ́ lọ kàwé lórí ọkà, ẹ ní kó máa lọ. Ṣé ọkà ni yóò pè mí ní ìyá àgbà?" Mi ò dá a lóhùn. Adití ni mí.

Èébú tí o bú Onítéèpù kò dára. Ọmọ yẹn mọ nǹkan kà. Ìṣojú mi ló ti ṣe é. Ó na téèpù, ó ká a, ó tún un nà, ó wá ní, "Bàbá, igba ó lé méjìlá ló hù." Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mi ò hù. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà, kò yí padà. Bẹ́ẹ̀, apá kejì, níbi tí ọkà tèmi wà, ti kún bámúbámú.

Nọ́ńbà tí o ní kí n má sọ, mi ò ní sọ ọ́. Onítéèpù ló kọ kẹtàlélógún sára pákó ẹnu ọ̀nà oko, kì í ṣe ọwọ́ mi.

Wò ó, ṣé o rò pé bàbá rẹ á fi oko sílẹ̀ kó rí bí ẹnu arúgbó? Ẹ̀bá ọ̀nà odò ni oko yẹn wà. Gbogbo ẹni tó ń lọ pọnmi ló ń wò ó. Àlejò la sọ ọkà yín níbí, a kì í sì í wo àlejò níran kí ojú tì í nínú ilé ẹni. Ní ọjọ́ kejì tí Onítéèpù kà á tán, mo gbé ọkà tèmi, èyí tó mọ́ jù nínú abà, mo tún gbogbo ihò tó ṣófo gbìn. Òjò kejì bá a nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ hù. Igi wọn jọra, orí wọn jọra, àfi bí ènìyàn bá rún un lẹ́nu kó tó mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nígbà tí àwọn oníwọ̀n dé, wọ́n ní kí n dúró níwájú rẹ̀ kí wọ́n ya fọ́tò mi.

Ó kọjá fọ́tò o. Wọ́n ti fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ nítorí oko yẹn. Àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Kò-gbọ́ ti ń pè mí ní Alága báyìí, ìyẹn sì ń wọ̀ mí létí dáadáa. Gbogbo ènìyàn ló ń retí Àlejò tí ẹ fẹ́ pín lóṣù Karùn-ún. Ìyá Amọ̀kòkò, opó tó ń mọ ìkòkò lẹ́yìn ògiri wa, ti ta gbogbo irúgbìn àtijọ́ tó ní. Ó ní kí lòun tún ń tọ́jú ti àná sí?

Bá mi ra téèpù kan. Kó gùn ju ti Onítéèpù lọ.

Bàbá rẹ.

~

Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Orí ìdúró ni mo ti ka ìwé yín, mo wá jókòó, mo tún un kà.

Kí lẹ ṣe yìí? Àlàfo yẹn gan-an ni ohun tí à ń wá. Ihò tó ṣófo ni ilẹ̀ fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ẹ wá fi ọkà dí i lẹ́nu. Àlejò kò hù, Bàbá. Ọkà tiyín ló hù lórúkọ rẹ̀. Bí àwọn oko mẹ́wàá yòókù bá ṣe bẹ́ẹ̀ náà, a jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, irọ́ sì ni oko kẹtàlélógún.

Àpò irúgbìn ti wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àgbẹ̀. Ẹni tí ọkà àtijọ́ bá ṣẹ́kù nílé rẹ̀, bí Àlejò bá kọ̀ tí kò hù, á tún un gbìn bíi tiyín. Ẹni tó ti ta tirẹ̀ ńkọ́? Kí ni yóò fi dí ihò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ yín léèrè: ta ló tún un gbìn, ta ni kò tún un gbìn? Kí ẹ sì sọ fún Ìyá Amọ̀kòkò pé kó lọ wá irúgbìn rẹ̀ padà kó tó pẹ́ jù. Ogúnjọ́ oṣù Kẹrin ni ìpàdé tí wọn yóò ti fọwọ́ sí pínpín rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́.

Àbíkẹ́yìn yín.

~

Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti kọjá. Mo pe Onítéèpù, ó ní òun fi ìwé mi lé yín lọ́wọ́, pé ara yín le, pé ẹ kàn ní kí òun kí mi. Ẹ kò ní kó kí mi dáadáa. Mo bi í.

Mo kọ "irọ́" sínú ìwé sí bàbá mi. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń bá mi jẹun. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí gan-an. Mo lọ wo ìwé òfin tí a fún àwọn àgbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Òfin mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀: ẹ má bomi rin ín, ẹ má da ajílẹ̀ sí apá kan kí ẹ fi apá kan sílẹ̀, ẹ ro apá méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibi tí a ti ní kí ẹ má tún un gbìn. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ẹ̀yìn yín ni mo ti ń gbé igbá ọkà káàkiri poro, tí ẹ̀ ń wa ihò tó ṣófo, tí mò ń ju ẹyọ mẹ́rin mẹ́rin sí i. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ṣé ìwé tí mo kà ló lé e jáde lórí mi, àbí n kò fẹ́ rántí rẹ̀ níwájú àwọn tí kò ṣe irú rẹ̀ rí?

Onítéèpù ka òótọ́. Ẹ̀yin náà kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo pa òótọ́ rẹ́ kó lè bá èyí tí kì í ṣe òótọ́ mu, mo sì ṣe é ní ọ̀nà mọ́kànlá, pẹ̀lú ife tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ohun mìíràn wà tí mi ò sọ fún yín. Ìparí oṣù Kẹfà ni àdéhùn iṣẹ́ mi parí. Ọ̀gá mi ní ìwé tí mo kọ lórí ọkà yìí ni wọn yóò fi fún mi ní òmíràn. Bí kò bá sí i, ìwé ìgbélùú tí mo fi ń gbé orílẹ̀-èdè àjèjì yìí náà á kú tẹ̀lé e. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbí. Mo ní mò ń dúró de èsì yín. Àbí mò ń fi yín bojú ni?

Àbíkẹ́yìn yín.

~

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Àbíkẹ́yìn,

Ìwé méjèèjì dé. Èyí àkọ́kọ́ ni mi ò fẹ́ dáhùn.

Gíláàsì ojú mi fọ́, ìyá rẹ ló kà á fún mi. Nítorí etí mi, ó ké e sókè. Ibi tí o ti kọ "irọ́ ni oko kẹtàlélógún" ni aládùúgbò ti gbọ́ kí èmi tó gbọ́. Ìyá Amọ̀kòkò yọ orí lókè ògiri, amọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Alága, kí ni mo gbọ́ pé Àlejò kò hù?"

Mo ní, "Ẹ kì í tẹ́tí sí ìwé onílé, Ìyá."

Ó ní, "Ṣé ẹ̀ ń kà á ni? Ẹ̀ ń kéde rẹ̀ ni."

Mo ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni, kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ó wò mí títí, ó sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá kí mi, ilẹ̀ ló ń wò. Èmi tí mi ò purọ́ lóko, ẹ̀bá ògiri ni mo ti wá pa á.

Mo ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Àwọn méje tó gba Àlejò ní àyíká wa, mo bi wọ́n. Mẹ́fà ló tún un gbìn. Ọ̀kan fi mí rẹ́rìn-ín: "Ṣé kí n máa wò ó ni?" Èkejì ní ìyàwó òun ló ṣe é, òun kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fọwọ́ kàn án, Ẹlẹ́sẹ̀-Wíwú, torí ó wà lórí ibùsùn lọ́dún yẹn. Oko rẹ̀ ni gbogbo wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí a bá ń kọjá. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣé òun nìkan ló wá ṣe é bó ṣe yẹ?

Gbọ́ mi. Fi sílẹ̀. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á lé ẹ, wọ́n á sì gbé àga kúrò lábẹ́ mi. Bí o kò bá sọ ọ́, bóyá òjò á rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí, Àlejò á hù, kò sì ní sí ẹni tó máa bi wá. Mo mọ̀ pé "bóyá" kọ́ là ń jẹ. Ṣùgbọ́n àádọ́ta ọdún ni mo fi ń gbin ọkà, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé ṣíṣe oko dáadáa jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó rẹ̀ mí.

Bàbá rẹ.

~

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Mo ti sọ ọ́.

Ẹ ní kí n fi sílẹ̀, mo sì gbìyànjú láti gbọ́ràn. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo gbọ́ràn. Ohun tí ó ṣẹ́gun mi ni Ìyá Amọ̀kòkò tó sọ̀ kalẹ̀ láì dá yín lóhùn. Ìyá tó máa ń dá gbogbo ayé lóhùn!

Ènìyàn mẹ́jọ ló wà ní ìdí tábìlì náà. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe yí iye oko mọ́kànlá padà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹrìnlá àti ìkórè. Ọ̀kan ní, "Báwo ni o ṣe mọ̀?" Mo ní àgbẹ̀ oko kẹtàlélógún ló sọ fún mi. Ó ní ta ni àgbẹ̀ náà. Mo ní bàbá mi ni. Ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀gá mi kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Oṣù Kejì ló yẹ kí o ti sọ èyí." Òótọ́ ni. Mi ò sọ ẹni tó ní kí n yí iye náà padà, ọ̀gá mi náà kò sì sọ ọ́.

Wọ́n ti dá àpò irúgbìn náà dúró. Wọn yóò tún ìdánwò ṣe fún ọdún kan sí i, ní àwọn oko kan náà, òfin á sì di mẹ́wàá. Àdéhùn iṣẹ́ mi kò ní padà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Onítéèpù yóò gbé bébà kan wá. Wọ́n fẹ́ kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ sí ohun tó ṣe. Ẹ lè kọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá mú yín.

Mi ò ní tọrọ àforíjì fún sísọ rẹ̀, Bàbá. Èyí tí mo tọrọ àforíjì fún ni "irọ́." Ẹ fi orí jì mí lórí ìyẹn. Bí ẹ bá sì bi mí bóyá nítorí opó yẹn ni mo ṣe sọ̀rọ̀, tàbí kí n lè máa fara da ara mi, mi ò lè dáhùn. Mo ti bi ara mi títí.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá ilé ni mò ń bọ̀.

Àbíkẹ́yìn yín.

~

Ọjọ́ kẹta, oṣù Keje

Àbíkẹ́yìn,

Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, mo mọ̀. Oko ló fà á, àti ìbínú. Oko ló pọ̀ jù.

Onítéèpù dé lóṣù Karùn-ún, ó pe gbogbo wa jọ sábẹ́ ahéré ìwọn ọkà. Bí ó ṣe ní kò sí irúgbìn lọ́dún yìí, ariwo ta. "Alága, ẹ ti bà á jẹ́ fún wa! Ọmọ yín ló gbé e wá, ọmọ yín ló tún gbà á padà!" Mo dìde. Mo ní kí ẹni tí kò tún oko rẹ̀ gbìn rí nawọ́ sókè. Kò sí ẹni tó nawọ́ àfi Ẹlẹ́sẹ̀-Wíwú. Ni wọ́n bá fi í ṣe alága. Ọkùnrin tí kò lè rìn dé oko! Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu mi ò gbà.

Wọ́n gbé bébà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo bi Onítéèpù bóyá ó yẹ kí n kọ ọ́ pé mo ṣe àṣìṣe. Ó ní rárá, pé kí n kọ ohun tí mo ṣe nìkan. Mo kọ ọ́: mo tún un gbìn, ihò méjìdínláàádọ́wàá. Mo kọ orúkọ mi sí i.

Mo wọn ọkà tèmi fún Ìyá Amọ̀kòkò, igbá mẹ́ta. Ó ní, "Èyí ńkọ́, ṣé èyí máa hù, àbí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni òun náà?" Ó ti gbìn ín. Ó hù. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì tọ́.

Ìwé rẹ tó ní irọ́ nínú, mo ṣì ní in nínú àpótí. Mi ò tíì dárí rẹ̀ jì ẹ́ tán. Àgbà ni mí, díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń tán lára mi. Bí iṣẹ́ kò bá sí mọ́ níbẹ̀, wálé. Bí ó bá wà, ṣe é. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ìyẹn, kí n kọ "wálé" nìkan.

Wọ́n tún fún mi ní Àlejò. Òjò kan rọ̀, òun ló sì mọ. Oko ẹ̀bá ọ̀nà tún dà bó ṣe dà lọ́jọ́sí, kódà ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń lọ pọnmi ń dúró wò ó. "Bàbá, ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ yín níyà ni?" Mi ò gbọ́ wọn.

Lánàá ni Ìyá Amọ̀kòkò bá mi níbẹ̀. Ó ti di ọkà sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, nínú èyí tí mo fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fi ìka lu ihò. "Alága àná, ẹ jẹ́ n bá yín dí i," ó ní. "Ojú ń tì mí fún yín."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ojú ń ti èmi náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹsàn-án la ṣì wà. Onítéèpù kò tíì wá kà á.

Ó nàró, ó gbọn ọwọ́. Kò lọ. Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, à ń wò ó.

Bàbá rẹ.